Irin Wà ní Ọ̀tún, Ìrora Wà ní Òsì

Ẹ̀yin tí ẹ wá gbọ́ ìtàn, ẹ jókòó. Kí ẹni tí ó ní àpótí jókòó sórí àpótí, kí ẹni tí ó ní ẹní jókòó sórí ẹní, kí ẹni tí kò ní nǹkan kan wá gbòǹgbò igi. Kí ẹ sì dúpẹ́ bí ẹ ti ń jókòó, nítorí pé ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ kò lè jókòó. N kò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn yín jẹ. Bí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀ ni n ó sọ ọ́. Ibi tí ẹ bá ti rí i pé ó ṣòro láti gbà gbọ́, ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti fetí sílẹ̀ jù.

Ọdẹ́rìndé ni orúkọ rẹ̀. Ọdẹ ni, ọmọ ọdẹ sì ni, ní ìlú Òkè-Ìrókò. Ẹfọ̀n mẹ́rin ni ó pa ní ìgbésí ayé rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbàkúùgbà tí ó bá ń ròyìn wọn, ẹfọ̀n mẹ́rin a di mẹ́fà. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó láyà láti dín in kù. Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, a sọ láti ìdí ààrò pé, “Baba Tinúadé, mẹ́rin ni. Èmi ni mo sè wọ́n.”

Ní ọdún méjì ṣáájú ìrìn-àjò tí mo fẹ́ ròyìn yìí, ìrora kan wọ ìdí Ọdẹ́rìndé ní apá òsì. Bí ó bá dúró, ìrora náà a rọlẹ̀. Bí ó bá rìn, a fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Ṣùgbọ́n bí ó bá jókòó, kí ènìyàn tó ka ení títí dé ogún, yóò dà bí ẹni pé ìjàlọ kó ẹyin iná sẹ́nu, tí wọ́n sì tò láti egungun tí ó fi ń jókòó lọ sí abẹ́ rẹ̀. Kò sí egbò níbẹ̀. Kò wú. Àwọ̀ ara rẹ̀ kò yàtọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun ní ìdúró. Àwọn ará ìlú wò ó, wọ́n ní irú àìsàn wo ni èyí tí kì í jẹ́ kí ènìyàn jókòó, tí ó sì ń jẹ́ kí ó jẹ iyán?

Ní ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró ti oko dé, ó bá ọkọ rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, ó jókòó sí ẹnu odó.

“Èèwọ̀! Baba Tinúadé, sórí odó?”

“Má pariwo. Ibẹ̀ nìkan ni ó gbà mí.”

“Odó tí mo fi ń gún iyán yín?”

“N ó gbẹ́ òmíràn fún ọ.”

“Kí ẹ tètè gbẹ́ ẹ, nítorí pé n kò ní gún iyán nínú èyí mọ́. Bí mo bá sì gún un, ẹ̀yin nìkan ni ẹ ó jẹ ẹ́.”

Ó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó wo ojú ọkọ rẹ̀ dáadáa, ó rí i pé omi wà níbẹ̀. Ó wọlé, kò sọ ọ̀rọ̀ náà fún ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ náà, odó aládùúgbò ni ó ń yá gún iyán.

Ìrora nìkan kọ́ ni ó lé wọn dé ojú ọ̀nà. Tinúadé, ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo, fẹ́ lọ sílé ọkọ. Ní Òkè-Ìrókò, ọmọbìnrin kì í lọ sílé ọkọ láìjẹ́ pé ó jókòó lórí itan bàbá rẹ̀. Bàbá yóò jókòó sórí àpótí, ọmọ yóò jókòó sórí itan rẹ̀, bàbá yóò sì wúre títí ire yóò fi tán lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ wà láàyè tí kò jókòó lórí itan rẹ̀, gbogbo ayé ni yóò sọ pé bàbá kò fọwọ́ sí i. Oṣù mẹ́rin ni ó kù.

“A ó lọ sí Ìlú Arínú,” ni Àwẹ̀ró wí. “Wọ́n ní àwọn ará ibẹ̀ ń rí inú ènìyàn láìfi ọ̀bẹ kàn án.”

“Igbó iwin ni ó wà lójú ọ̀nà ibẹ̀.”

“Ṣé ẹ̀yin apẹfọ̀n-mẹ́fà ni ẹ ń bẹ̀rù iwin?”

Ọdẹ́rìndé gbé ìbọn rẹ̀ kọ́ èjìká. Wọ́n lọ.

Nínú igbó àkọ́kọ́ ni wọ́n ti pàdé iwin tí a ń pè ní Fojúrí. Ojú mẹ́rìndínlógún ni ó ní, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kò ju ẹyọ ẹ̀wà lọ. Ó na ẹsẹ̀ dí ọ̀nà.

“Ta ni ọ́?”

“Èmi ni Ọdẹ́rìndé, ọmọ Akínòṣó, apẹfọ̀n-mẹ́fà, ìtàkùn tí ó bá ní kí n má kọjá, èmi àti òun ni a ó jọ lọ.”

“Mẹ́rin,” ni Àwẹ̀ró wí.

“Kí ni o ń wá kiri?”

“Ìdí ń dùn mí. Mo ń lọ sí Ìlú Arínú.”

Iwin náà ṣí gbogbo ojú rẹ̀. “Fi egbò hàn mí.”

“Kò sí egbò.”

“Fi ibi tí ó wú hàn mí.”

“Kò wú.”

“Njẹ́ irọ́ ni. Ohun tí ojú kò bá rí, kò sí. Jókòó sórí òkúta yìí títí oòrùn yóò fi wọ̀. Bí o bá dìde, n ó jẹ ọ́, nítorí pé n kò fẹ́ràn òpùrọ́.”

Ọdẹ́rìndé jókòó. Kí ó tó ka méjìlá, òógùn ti bo iwájú rẹ̀. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ níwájú iwin.

“Bàbá, ẹ jẹ́ kí n pa àlọ́ kan fún yín kí ọjọ́ má baà gùn. Ó na ọba láàfin, ó na àlejò lójú ọ̀nà, ó na ọmọ ọwọ́ títí ó fi sunkún. A wá ojú pàṣán lára wọn, a kò rí i. Kí ni o?”

Fojúrí ronú. Bí ó ti ń ronú ni ikùn rẹ̀ ń kùn. “Ebi ni!” ni ó pariwo.

“Ẹ gbà á. Ṣé ebi ń pa ẹ̀yin náà, Bàbá?”

“Ó ń pa mí láti àná.”

“Ẹ fi egbò rẹ̀ hàn mí.”

Iwin náà fi ojú mẹ́rìndínlógún wo ikùn ara rẹ̀. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. “Kò sí egbò,” ni ó wí.

“Njẹ́ irọ́ ni.”

 Fojúrí ní kí Ọdẹ́rìndé dìde, ó sì ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Àwẹ̀ró fún un ní ẹ̀kọ márùn-ún nínú oúnjẹ wọn.

“Obìnrin yìí,” ni iwin wí bí ó ti ń jẹ ẹ̀kọ, “ẹnu rẹ mú púpọ̀.”

“Ara ọkọ mi ni mo ti ń pọ́n ọn, Bàbá.”

Lẹ́yìn igbó yìí, wọ́n dé Ìlú Gbogbo-Wa-Mọ̀-Ọ́n. Ní ìlú yìí, a kì í kí ènìyàn láìsọ àìsàn rẹ̀ fún un. Onílé àkọ́kọ́ rí bí Ọdẹ́rìndé ti ń dúró, ó ní, “Ẹ kú àárọ̀ o, jẹ̀díjẹ̀dí ni.” Ìyàwó onílé ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ẹni tí ń kọjá lọ ní ẹ̀bá ọ̀nà kò tilẹ̀ dúró wò ó, ó ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, kí ó yé jẹ ohun dídùn. Ọdẹ́rìndé ní òun ti mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí fún ọdún méjì, ó korò tó bẹ́ẹ̀ tí ahọ́n òun fi gbàgbé oyin. Wọ́n ní àgbo tiwọn ni kò tí ì mu. Wọ́n gbé ìgò mọ́kànlélógún wá. Ọdẹ́rìndé mu méjì kí ó má baà tàbùkù wọn, ó sì sá wọ inú igbó lẹ́ẹ̀mẹ́fà kí wọ́n tó jáde nínú ìlú náà. Ìrora tí ó ń bá a jà kò kúrò ní ibi tí ó wà.

“Ó kéré tán,” ni Àwẹ̀ró wí, “wọn kò ní kí ẹ jókòó.”

Oṣù kan pé kí wọ́n tó dé Ìlú Arínú.

Òkúta ńlá kan ni ó wà ní àárín ìlú náà. Òòfà ni, irú òkúta tí ń fa irin mọ́ra, ṣùgbọ́n èyí ju gbogbo òòfà lọ. Ó ń fa irin bí ọmọ ọwọ́ ti ń fa ọmú. A gbẹ́ ihò sí àárín rẹ̀, ihò tí ó gba ènìyàn kan ní ìdùbúlẹ̀. Ẹ mọ̀ pé omi ni ó pọ̀ jù nínú ara ènìyàn. Bí a bá tẹ́ ara sínú ihò náà, òkúta a pe omi inú ara, omi a sì dá a lóhùn. Omi inú ẹran ara a dáhùn lọ́tọ̀, ti ọ̀rá lọ́tọ̀, ti ibi tí ó wú lọ́tọ̀. Ìdáhùn wọ̀nyí ni àwọn ará Arínú ń kó jọ, tí wọ́n sì ń sọ di àwòrán.

Obìnrin àgbàlagbà kan ni ó ń ṣọ́ ọ̀nà ibẹ̀. Ìyá Ẹnu-Ọ̀nà ni wọ́n ń pè é. Kò rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni.

“Kó irin ara rẹ sílẹ̀,” ni ó wí.

Ọdẹ́rìndé gbé ìbọn sílẹ̀. Ó gbé àdá sílẹ̀. Ó yọ ọ̀bẹ ìbàdí, ó yọ ọ̀bẹ abẹ́ apá, ó yọ òrùka ọwọ́ àti ẹ̀wọ̀n ọrùn, ó bọ́ ẹ̀wù ọdẹ tí ìṣó àti ṣaworo wà lára rẹ̀. Òkìtì irin náà ga dé orúnkún. Nígbà tí ó tán, ìbàǹtẹ́ nìkan ni ó kù lára rẹ̀, ó sì kéré lójú ara rẹ̀.

“Àṣé báyìí ni ẹ ti tín-ín-rín tó,” ni Àwẹ̀ró wí. “Irin ni mo fẹ́.”

Ìyá Ẹnu-Ọ̀nà kò rẹ́rìn-ín. “Irin ha wà nínú ara rẹ? Ronú kí o tó dáhùn.”

Ọdẹ́rìndé wo ìyàwó rẹ̀. “Kò sí,” ni ó wí.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sí ibi òkúta. Ó rin ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Ní ìṣísẹ̀ kọkànlá, nǹkan fà á ní ìdí, ní apá ọ̀tún. Ó ń gbé ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ọ̀tún ń yára lọ níwájú rẹ̀, bí ewúrẹ́ tí ó gbọ́ ìró èèpo iṣu.

“Dúró!” ni Ìyá Ẹnu-Ọ̀nà kígbe, ó sì fà á sẹ́yìn. “Ìdí rẹ ń sọ ohun tí ẹnu rẹ kọ̀ láti sọ. Kí ni ó wà níbẹ̀?”

Ẹ jẹ́ kí n dúró níhìn-ín, nítorí ẹ̀yin tí kì í ṣe ọdẹ. Bí ìbọn ọdẹ bá ṣèèṣì ba ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò sì pa á, àwọn méjèèjì a fi ẹnu kan irin, wọ́n a sì sin ọ̀rọ̀ náà síbi tí ó ti ṣẹlẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jáde, ẹgbẹ́ yóò gba ìbọn lọ́wọ́ ẹni tí ó yìn ín, kò sì ní ṣọdẹ mọ́ láéláé. Nítorí èyí ni àwa ọdẹ fi ń wí pé ohun tí ojú ọdẹ ń rí nínú igbó kò ṣe é fẹnu sọ tán. Òwe yìí dára. Ó ti pa ènìyàn púpọ̀.

“Ọta ìbọn ni,” ni Ọdẹ́rìndé wí níkẹyìn.

“Irú irin wo ni, ẹyọ mélòó sì ni?”

“N kò mọ̀.”

“Òjé kọ́, nítorí pé òkúta kì í fa òjé. Irin ni, bí o bá sì sún mọ́ òkúta sí i, yóò fà á la ẹran ara rẹ kọjá. Ta ni ó ki ìbọn náà? Òun ni yóò mọ̀.”

Ọdẹ́rìndé wo ilẹ̀. “Àwẹ̀ró, jẹ́ kí á padà sílé.”

“Tinúadé ńkọ́?”

Ọdẹ́rìndé na ọwọ́ sí ẹ̀wù ọdẹ rẹ̀.

“Baba Tinúadé, àpá ìdí yín yìí, igi ni ẹ ní ó gún yín. Láti ogún ọdún ni mo ti ń fi epo pa á. Ta ni ó yìnbọn lù yín?”

Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ọdẹ́rìndé mọ òwe yìí pẹ̀lú. Ó gbé ojú sókè.

“Ògúnkẹ́yẹ ni.”

Ògúnkẹ́yẹ ni àbúrò Àwẹ̀ró. Ìyá wọn kú nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún méjì, ẹ̀yìn Àwẹ̀ró ni ó sì ti dàgbà.

“Ó jẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo mú un lọ sí igbẹ́,” ni Ọdẹ́rìndé wí. “Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wo ipasẹ̀ ẹran. Ó ní òun rí ìmàdò.”

“Ìdí yín ni ó pè ní ìmàdò?”

“Ó jìnnà díẹ̀.”

Àwẹ̀ró fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀rín ni ẹni tí ó wò ó kọ́kọ́ rò pé ó jẹ́, lẹ́yìn náà ó dà bí ẹkún. “Ìdí nìyẹn tí ó fi ń gbé itan gbogbo ẹran tí ó bá pa wá fún wa! Ogún ọdún! Mo rò pé ó fẹ́ràn mi ni.”

“Ó fẹ́ràn rẹ.”

“Kí ló dé tí ẹ kò fi sọ fún mi?”

“Ìwọ ni o tọ́ ọ. N kò fẹ́ kí o yàn láàárín àwa méjèèjì.”

“Ẹ kò fẹ́ kí n yàn, ni ẹ fi bá mi yàn.” Ó yí ojú sí ọ̀nà mìíràn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ó na ọwọ́ sẹ́yìn láìwo ibi tí ó nà án sí, ó sì di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú.

Ìyá Ẹnu-Ọ̀nà wúkọ́. “Ẹ ó parí ìyẹn nílé. Irú irin wo ni ó ki sínú ìbọn náà?”

“Wáyà ni,” ni Àwẹ̀ró wí. “Wáyà ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ bàbá wa ni ó máa ń gé sínú ìbọn. Mo nà án nítorí rẹ̀.”

Wọ́n gbé fìtílà kan tí ń fi egungun àti irin hàn, wọ́n fi wo ìdí Ọdẹ́rìndé. Wọ́n rí ègé wáyà mẹ́ta ní apá ọ̀tún, kò sí èyí tí ó jìn ju ìka kan lọ. Wọ́n fi oògùn pa ojú ibẹ̀ títí kò fi mọ nǹkan kan mọ́, wọ́n yọ wọ́n, wọ́n rán an, wọ́n tún fi fìtílà wò ó kí ó lè dá wọn lójú pé kò sí òmíràn. Ní ọjọ́ kẹwàá, ojú ibẹ̀ ti jiná. Ọdẹ́rìndé yọ̀. Ó ní irin ni ó ń dun òun, irin sì ti jáde. Ó fa àpótí kan sún mọ́ra, ó jókòó, ó ń ka ení, ó ń ka èjì, ó ń rẹ́rìn-ín sí ìyàwó rẹ̀. Ó ka dé méjìdínlógún. Ìjàlọ dé pẹ̀lú ẹyin iná wọn.

“Níbo?” ni Àwẹ̀ró bi í.

“Ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀. Apá òsì.”

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Láti ìgbà tí irin ti di mímọ̀, kò sí ẹni tí ó rántí pé irin wà ní ọ̀tún, ìrora wà ní òsì. Bí ènìyàn bá rí ohun kan tí ó burú, kì í wá èkejì mọ́.

Ìgbà náà ni wọ́n tẹ́ ẹ sínú ihò òkúta. Wọ́n ní kí ó má mira. Ọdẹ́rìndé ní kí wọ́n má dààmú, ó ní òun ti dákẹ́ jẹ́ẹ́ lẹ́ẹ̀kan rí títí èkùlù fi wá lá etí òun. Àwẹ̀ró kò já a nírọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Òun náà ti bọ́ yẹtí rẹ̀ sílẹ̀, ó dúró ní ìsàlẹ̀ òkúta, ó sì di àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ mú.

Òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó lu gbà-gbà-gbà bí ogún alágbẹ̀dẹ, ó dákẹ́, ó tún ké bí akọ àkèré. Ihò náà há. Òrùlé rẹ̀ sún mọ́ imú. Ọdẹ́rìndé, tí ó ti bá ẹfọ̀n dúró lójúkojú, rí i pé ọkàn òun ń sá. Ó fẹ́ kígbe. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ ohùn Àwẹ̀ró láàárín ariwo méjì, ó ń sọ pé, “Mẹ́fà ni wọ́n. Ẹ gbọ́? Lónìí, mẹ́fà ni wọ́n.” Ó dúró jẹ́ẹ́ títí ó fi parí.

Àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Afarabalẹ̀ ni ó ń ka àwòrán. Ó tẹ́ wọn sílẹ̀ níwájú wọn. Ìbàdí Ọdẹ́rìndé ni, ṣùgbọ́n a ti rẹ́ ẹ ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ lójú àwòrán, bí ẹni ń rẹ́ iṣu tí yóò fi ṣe èlùbọ́, láìsí ọ̀bẹ tí ó kàn án.  Afarabalẹ̀ ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, ó tún ń wo ọ̀tún.

“Kí ni ẹ ń wò?” ni Àwẹ̀ró bi í.

“Ọ̀tún ni òṣùwọ̀n òsì. Ibi tí wọn kò bá ti bára mu ni mo ń wá.” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tọ́ka. “Mo kọ́kọ́ wá ohun tí ó ń pa ènìyàn. Kò sí kókó. Egungun kò sán. Nǹkan kan kò yọ láti ọ̀pá ẹ̀yìn wá tẹ gbòǹgbò okùn ìmọ̀lára kankan mọ́lẹ̀. Jẹ̀díjẹ̀dí kọ́.”

“Mo ti mu àgbo rẹ̀ fún ọdún méjì,” ni Ọdẹ́rìndé wí.

“Ó dùn mí fún ọ. Nísinsìnyí, wo ibí yìí. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí ó ń gbé ìròyìn láti abẹ́ ènìyàn lọ sí ọpọlọ. Kò nípọn ju ewé koríko lọ. Bí ó ti ń bọ̀ ní ìdí, ó gba àárín ìdè egungun méjì kọjá, bí ẹni ń gba àárín ògiri méjì. Ní ọ̀tún rẹ, àyè wà. Ní òsì, ìdè méjèèjì ti le, wọ́n ti sún mọ́ra. Okùn náà wú, ó sì ń tàn ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ, nítorí pé omi ti kó sínú rẹ̀. Wọ́n ń fún un lọ́rùn. Bí o bá dúró, wọ́n a dẹ̀. Bí o bá jókòó, wọ́n a tún fún un.”

“Irin sì wà ní ọ̀tún,” ni Àwẹ̀ró wí. “Kí ni ó wá fún òsì lọ́rùn?”

“Àwòrán kò sọ ìyẹn fún mi. Ẹ̀yin ni ẹ ó sọ fún mi. Báwo ni ó ti ń jókòó?”

Àwẹ̀ró kò ronú jìnnà. “Ó ń tẹ̀ sósì. Lórí ègùn tí ó ń gùn sórí igi láti ṣọ́ ẹran, lórí àpótí, níbi gbogbo. Láti ọdún tí igi ti gún un.” Ó tún un sọ. “Láti ọdún tí Ògúnkẹ́yẹ ti yìnbọn lù ú.”

“Ogún ọdún lórí pákó líle, lórí egungun kan,” ni Afarabalẹ̀ wí. “O ń gbé ara kúrò lórí ọ̀tún kí irin má baà gún ọ, òsì sì ń ru ẹrù ẹni méjì. Èyí ni mo rò. N kò búra lé e.”

Ọdẹ́rìndé wo àwòrán náà títí. “Njẹ́ ẹ rí bí ó ti ń dùn mí tó níbẹ̀?”

“Rárá.” Ohùn àgbà náà rẹlẹ̀. “Ènìyàn ń wá síbí tí okùn rẹ̀ wú ju tìrẹ lọ, tí nǹkan kan kò sì dùn ún. Òmíràn ń wá tí ó ń sunkún, n ó wo àwòrán rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, n kò ní rí nǹkan kan. N kì í pè é ní òpùrọ́. Ojú mi ni ó mọ níbẹ̀. Ibi tí àwòrán bá parí sí, ẹnu ẹni tí ó ń jẹ̀rora ni yóò máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Sọ fún mi: ibo ni ó ti ń gbà ọ́ láti jókòó?”

Ọdẹ́rìndé wo ìyàwó rẹ̀. “Lórí odó,” ni ó wí.

Fún ìgbà àkọ́kọ́, Afarabalẹ̀ rẹ́rìn-ín. “Odó kò ní àárín, kò sì tẹ okùn náà. Ọ̀rọ̀ yìí àti àwòrán yìí, wọ́n jẹ́rìí ara wọn.”

Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ kan lẹ́bàá ibi tí okùn náà ti há, láti mú okùn náà sùn díẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ bí yóò ti máa na itan àti ìdí, tí yóò sì máa dẹ iṣan abẹ́ rẹ̀ ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n fún un ní tìmùtìmù kan tí a gé àárín rẹ̀ kúrò. Wọ́n ní kí ó má gun ègùn mọ́.

“Ìgbà wo ni yóò sàn?” ni Àwẹ̀ró bi wọ́n. “Ìgbéyàwó ọmọ wa ku oṣù méjì.”

“Okùn ara kì í yára,” ni Afarabalẹ̀ wí. “Ọdún kan. Ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò ní lè gbé ọmọ sórí itan ní oṣù méjì.”

Wọ́n gba ọ̀nà ilé. Nígbà tí wọ́n dé ilé, Àwẹ̀ró kọ́kọ́ lọ sí ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀, ó kó ègé wáyà mẹ́ta sí i ní àtẹ́lẹwọ́. Ògúnkẹ́yẹ, àgbà ọdẹ tí irun rẹ̀ ti ń funfun, mọ̀ wọ́n. Ó dọ̀bálẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sunkún.

“Dìde,” ni Àwẹ̀ró wí. “Ẹgbẹ́ ọdẹ kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n itan ẹran kò gbọdọ̀ dúró o. Ó ti mọ́ mi lára.”

Ọjọ́ ìgbéyàwó pé. Ní òwúrọ̀, Ọdẹ́rìndé lè jókòó lórí tìmùtìmù rẹ̀ títí yóò fi ka ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n ọgọ́rùn-ún kò tó ìwúre, kò sì sí ẹni lórí itan rẹ̀ nígbà tí ó ń kà á.

“N ó fara dà á,” ni ó wí.

Àwẹ̀ró ń wé gèlè. Kò yíjú. “Ẹ̀yin ni ẹ mọ̀.”

Àwọn àna pé sí àgbàlá, àwọn ẹbí pé. Wọ́n gbé àpótí sí àárín. Ọdẹ́rìndé jókòó sórí rẹ̀, ó na ẹ̀yìn rẹ̀ tọ́ bí akọni. Tinúadé wá, ó yíra padà láti jókòó sórí itan rẹ̀. Ó rí ojú bàbá rẹ̀, ó dúró.

Ọdẹ́rìndé gbé ọwọ́ sókè. 

“Ó ń dùn mí,” ni ó wí.

Ọdẹ kan kò tí ì sọ ọ̀rọ̀ yìí ní gbangba rí ní Òkè-Ìrókò. Ó dìde. Ó sọ fún wọn, ní ọ̀rọ̀ tí kò gùn, pé okùn kan há ní ìdí òun ní apá òsì, pé wọ́n ti fi hàn òun, pé yóò sàn ṣùgbọ́n kì í ṣe lónìí. Lẹ́yìn náà ó tẹ́ ẹní sílẹ̀ fúnra rẹ̀ lójú gbogbo wọn, ó fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún dùbúlẹ̀, ó sì na apá.

“Tinúadé, wá.”

Baálé ilé dìde. “Ọdẹ́rìndé! A kì í wúre fún ìyàwó ní ìdùbúlẹ̀. A kò rí irú rẹ̀ rí.”

“Ẹ rí i rí, Bàbá,” ni Àwẹ̀ró wí. “Ní ọjọ́ tí wọ́n bí yín, ibo ni bàbá yín ti kọ́kọ́ wúre fún yín? Ṣé orí àpótí ni ẹ wà?”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu àwọn ìyá àna. Baálé wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó jókòó.

Tinúadé bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ orí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó dùbúlẹ̀ lórí ẹní, ó gbé orí lé apá bàbá rẹ̀. Ọdẹ́rìndé kò yára. Ìrora ti lọ, ó sì ní àyè. Ó fi ilé wúre fún un, ó fi ọmọ wúre fún un, ó fi ọjọ́ gígùn wúre fún un, àwọn ènìyàn ń ṣe àmín. Nígbà tí ire fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lẹ́nu rẹ̀, ó wo Àwẹ̀ró tí ó dúró lókè orí wọn.

“Bí nǹkan bá ń dùn ọ́,” ni ó wí fún ọmọ rẹ̀, “kí o sọ ọ́. Bí o bá sì sọ ọ́, kí ẹni tí o fẹ́ gbà ọ́ gbọ́.”

Ọkọ ìyàwó dọ̀bálẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó na gbọọrọ, títí ojú rẹ̀ fi bá ojú bàbá ìyàwó dọ́gba lórí ilẹ̀.

“Mo gbọ́, Bàbá,” ni ó wí.